Èsì: Ṣé Diutarónómì 17:12 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ja pásítọ̀ níyàn?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní pásítọ̀ yín ló ń yan ẹni tí ọmọ ìjọ máa fẹ́, ó wá ka ẹsẹ yìí, ó ní ikú ló tọ́ sí ẹni tó bá ja òun níyàn. Àfi ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 8. Ẹjọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: ìpànìyàn, àríyànjiyàn, ìlùnilọ́gbẹ́, èyí tó bá ti ta kókó mọ́ àwọn adájọ́ ẹnubodè ìlú lọ́wọ́. Wọ́n á gbé e lọ síbi tí Ọlọ́run bá yàn, sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà ọmọ Léfì àti onídàájọ́ ìgbà náà. Ẹni tó bá fi ìgbéraga kọ ìdájọ́ wọn ni ẹsẹ 12 ń bá wí.

Àmọ́ àwọn adájọ́ náà ò ga ju òfin lọ o! Orí 16:19 ní wọn ò gbọdọ̀ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Orí 17 yìí kan náà ní kí ọba da òfin kọ, kó máa kà á ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀. Léfítíkù 4 tiẹ̀ ní bí àlùfáà tí wọ́n ta òróró sí lórí bá ṣẹ̀, akọ màlúù ló máa fi rúbọ.

Pásítọ̀ tó ń yan ẹni tí ọmọ ìjọ máa fẹ́, ẹjọ́ wo ló ń dá? Ẹ bi í.