Ṣé gbogbo nkan tó ń ta lẹ́nu ló ń mú ara gbóná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Guangzhou ni mo wà, ọjà aṣọ ni mò ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò pa mí, òtútù wá mú mi, ìyá onílé mi tó jẹ́ ará Ṣáínà se atalẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà pupa fún mi, mo mu ún, mo làágùn, ara mi yá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo tún se atalẹ̀ yẹn, mo tiẹ̀ bu ata gígún sí i, ńṣe ló burú sí i. Nígbà tí màmá yẹn rí mi, ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, ó wá fún mi ní tíì ewé mint. Mint náà sì ń ta lẹ́nu! Báwo ni ọ̀kan ṣe máa gbóná tí èkejì á tutù?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara á le. Ohun tí màmá yẹn ṣe dáa gan-an.

Ibi tó ti rú yín lójú ni pé àwa, tí wọ́n bá ti ní nkan ń ta, ooru ló ń wá sí wa lọ́kàn, nítorí ata. Nínú ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà, ọ̀tọ̀ ni adùn, ìyẹn bí nkan ṣe rí lẹ́nu, ọ̀tọ̀ ni ìwà, ìyẹn bó ṣe ń mú ara gbóná tàbí tutù. Adùn jẹ́ márùn-ún: èyí tó ń ta, dídùn, kíkan, kíkorò, oníyọ̀. Ìwà jẹ́ mẹ́rin: gbígbóná, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tó tutù díẹ̀, èyí tó tutù gan. Nkan tó ń ta, xīn ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé ó ń tú nkan ká, ẹ̀dọ̀fóró àti awọ ara ló ń lọ bá, ó ń ṣílẹ̀kùn kí èèyàn lè làágùn kí ohun tó wọlé lè jáde. Ilẹ̀kùn yẹn, nkan gbígbóná lè ṣí i, nkan tútù náà lè ṣí i. Atalẹ̀ tútù (tútù ní ti pé kò tíì gbẹ) àti ìdí funfun àlùbọ́sà eléwé lọ́ wọ́ọ́rọ́. Atalẹ̀ gbígbẹ àti ata gbóná pátápátá. Mint tutù, rádíìṣì funfun náà tutù.

Kódà nínú atalẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ní inú rẹ̀ ló ń mú ara gbóná, èèpo rẹ̀ tutù. Torí ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kó gbóná dáadáa, wọ́n á bó o.

Ní ọjọ́ tí òjò pa yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa gbọ̀n, kí ikun imú máa ṣàn bí omi, kí òógùn má jáde. Atẹ́gùn òtútù nìyẹn, atalẹ̀ ló bá a mu. Ìgbà tí ọ̀fun ń dùn yín, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ dúró síwájú dígí kí ẹ yọ ahọ́n. Tí orí ahọ́n bá pọ́n, tí ohun tó bò ó bá ti ń di yẹ́lò dípò funfun, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sì ki tó yẹ́lò, ooru ti wọlé, ẹ wá ń da ata sí i, ẹ ń koná mọ́ iná ni. Àwọn ará Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou wà, ní shànghuǒ, ìyẹn ni pé iná ti gòkè.

Nípa bí mint ṣe ń tutù lẹ́nu, sáyẹ́ǹsì náà ní nkan sọ. David Julius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, ó fi ohun tó wà nínú ata wá ibi tí ara ti ń mọ ooru, ó sì fi menthol tó wà nínú mint wá ibi tó ti ń mọ òtútù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ìyẹn ò fìdí gbogbo nkan tí àwọn oníṣègùn Ṣáínà ń sọ múlẹ̀ o, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu yín sọ fún yín kì í ṣe irọ́.

Ní báyìí, ẹ fi atalẹ̀, ata àti adìyẹ díndín sílẹ̀ ná. Tí ẹ bá fẹ́ mu mint, ẹ má sè é pẹ́ rárá, òórùn yẹn gan-an ni oògùn, ó máa ń bá ooru lọ, ẹ jẹ́ kí omi hó tán, kí ẹ ju ewé náà sí i, kí ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ lè fi òdòdó júhuā (chrysanthemum) sí i. Tí inú bá ń yọ yín lẹ́nu tàbí ẹ ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ dín in kù, nkan tútù kì í bá irú inú bẹ́ẹ̀ mu.

Tí mímí bá ń ṣòro tàbí ẹ ò lè gbé itọ́ mì, ẹ lọ sí hospital kíákíá. Tí ara bá sì ń gbóná gan, tó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ni, ẹ fẹnu ara yín sọ fún dókítà níbẹ̀ pé kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún màléríà, torí láti 2021 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kéde pé Ṣáínà ò ní màléríà mọ́, ó lè má sọ sí i lọ́kàn.