Ẹ béèrè pé: Ẹsẹ̀ òkè la máa gbà, ṣé yìnyín orí òkè ṣì lè ya lù wá?

Ó lè ya lù yín o, ẹ̀gbọ́n. Òkè ní Colorado, ní Amẹ́ríkà yẹn, yìnyín tó bá já lókè pátápátá ló ń sáré wá bá ẹni tó ń kọjá jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, torí náà ẹ wo òkè tó wà lórí yín, tó bá dàgẹ̀rẹ́ tó dígíríì 30 sí 45, ẹ má gba abẹ́ ẹ̀ rárá, pàápàá tí yìnyín tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ tàbí tí atẹ́gùn ń gbá a jọ. Fóònù yín lè wọn dígíríì yẹn.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "wúùm" lábẹ́ ẹsẹ̀, tí yìnyín sì ń sán lọ níwájú yín, àmì pé ó fẹ́ já nìyẹn, ẹ padà kíá.

Ẹ ka ìkéde CAIC, àjọ tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín tó ń ya ní Colorado, láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde. Kí kálukú gbé ẹ̀rọ atọ́ka tó ń jẹ́ ká mọ ibi tí ẹni tí yìnyín bò wà, ọ̀pá ìwádìí tí wọ́n ń gún yìnyín láti wá a, àti ṣọ́bìrì dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá rì sábẹ́ yìnyín, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló yẹ kẹ́ ẹ ti wú u jáde.