Ìdá Ìyókù Kì Í Ṣe Ìdá Odidi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Ọmọbìnrin mi ń múra ìdánwò JAMB. Ìbéèrè kan sọ pé ọkùnrin kan fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ san owó ilé, ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìyókù ra oúnjẹ, ó wá ṣẹ́ ku ₦60,000. Èló ni owó oṣù náà? Ọmọ mi ní ₦144,000, ìwé ní ₦120,000. Èkejì ni ti àpò tí ó ní bọ́ọ̀lù pupa 5 àti funfun 3: bí a bá mú méjì láì dá àkọ́kọ́ padà, kí ni ìṣeéṣe pé pupa ni méjèèjì? Ó kọ 25/64, kò sì gbà á. Níbo ni ó ti ń ṣìnà? (Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ó dára tí ẹ kọ ìdáhùn tí ọmọ mú wá, nítorí pé àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó ṣe nínú méjèèjì. Ó ro 1/3 pọ̀ mọ́ 1/4, ó rí 7/12, ó sì gbà pé 5/12 tí ó kù ni ₦60,000. Bí ó bá jẹ́ pé inú odidi owó oṣù ni ìdá owó oúnjẹ ti jáde ni, ìbá gbà á. Ṣùgbọ́n “ìyókù” ni ìbéèrè wí, odidi sì ti yí padà nígbà tí owó ilé ti jáde.

Ẹ kó ọsàn 12 fún un. Kí ó gbé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò, ìyẹn 4, yóò ku 8. Kí ó pín 8 yìí sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ó gbé ìpín kan, ìyẹn 2, yóò ku 6. Ọsàn 6 yìí ni ₦60,000, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ₦10,000, gbogbo 12 sì jẹ́ ₦120,000. Lórí ìwé, 2/3 × 3/4 = 1/2 ni.

Ti àpò kò yàtọ̀. Ìṣeéṣe pupa àkọ́kọ́ jẹ́ 5/8, ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn ti wà lọ́wọ́, 7 ló kù nínú àpò, pupa inú rẹ̀ sì jẹ́ 4. Nítorí náà, 5/8 × 4/7 = 20/56, ìyẹn 5/14. Bí wọ́n bá dá àkọ́kọ́ padà ni 25/64 ì bá tọ̀nà.

Ìbéèrè 180 ni JAMB ń bi wọ́n ní wákàtí méjì, 40 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìṣirò fún ẹni tí ó bá yan ìṣirò; ìkánjú yìí ló ń mú àwọn ọmọ fo ọ̀rọ̀ kékeré tí ó gbé ìtumọ̀ dání. Èmi kò fara mọ́ kíkọ́ fọ́múlà sórí ṣáájú òye. Nílé, kí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ìbéèrè fún yín kí ó tó kọ nọ́ńbà kankan.

Ẹ wá fún un ní èyí: wọ́n lo ìdá méjì nínú márùn-ún omi táńkì ní òwúrọ̀, wọ́n lo ìdajì ìyókù ní alẹ́, ó ku lítà 90. Bí ó bá ní lítà 300 ni omi náà tẹ́lẹ̀, ó ti yé e. Bí ó bá ní 900, ẹ tún kó ọsàn jáde.