Ẹ Má Parọ́ Abẹ́rẹ́ fún Ọmọ Yín Mọ́

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi obìnrin pé ọdún 6, ẹ̀jẹ̀ SS ló ní. A máa ń gbé e láti Kabba lọ sí Lọ́kọ́ja kí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Tẹ́lẹ̀, a máa ń sọ fún un pé ọjà là ń lọ. Ní báyìí, bí ọkọ̀ bá ti dé Obajana tó rí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì, ẹkún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọsibítù, èèyàn mẹ́rin ló ń dì í mú. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo kẹ́ ẹ bà jẹ́. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ọmọ, Kabba.*

Ọ̀kun o, Ìyá Ọmọ. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú ìrìn ọ̀nà yẹn.

Ọmọ yín kò bà jẹ́. Ó gbọ́n ni. Ó ti mọ ọ̀nà, ó sì ti mọ̀ pé ẹ̀yin àgbà kì í sọ òótọ́ fún òun bí ọ̀rọ̀ bá di ti abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ẹ sọ fún un ní alẹ́ tó ṣáájú. Ẹ má tètè sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, kó má baà máa rò ó kiri. Ẹ ní: “Lọ́la, nọ́ọ̀sì á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ díẹ̀. Ó máa ta ọ́, kò sì ní pẹ́ tán. Orí itan mi lo máa wà.” Ẹ má sọ pé kò ní dùn ún. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2015 lórí ìrora abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ní kí àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá yé fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ tu ọmọ nínú. Wọ́n tún ní kí òbí wà lọ́dọ̀ ọmọ, kí ọmọ sì wà ní ìjókòó. Ẹ̀jẹ̀ fífà yàtọ̀ sí àjẹsára lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù kan náà ni.

Ti èèyàn mẹ́rin yẹn kò dáa. Bí wọ́n bá tẹ́ àgbàlagbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà á jà. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ gbé e lé itan kó kọ ẹ̀yìn sí àyà yín, ẹ fi itan há ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ gbá a mọ́ra. Kí nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ tí wọ́n máa gún mú. Kí ọmọ máa fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná. Ẹ dán gbogbo èyí wò nílé, kí ẹ fi síríǹjì tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́ ṣe é fún bèbí rẹ̀. Kí òun ṣe nọ́ọ̀sì, kí ẹ̀yin ṣe ìyá bèbí. Ẹ jẹ́ kó yan ọwọ́ tí wọ́n máa gún, àti bóyá òun máa wò ó tàbí òun máa kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ o. Ẹ mọ ohun tó máa sọ.

Kó mu omi dáadáa láti àárọ̀, àfi bí dókítà bá ní kó má mu. Iṣan máa ń tètè hàn bí omi bá wà lára, ẹlẹ́jẹ̀ SS sì nílò omi lójoojúmọ́. Ìpara kan wà tí wọ́n fi lidocaine àti prilocaine ṣe, tó máa ń jẹ́ kí awọ ibi tí wọ́n bá fi í sí kú, kó má fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora. Ó yẹ kó wà lára fún bíi wákàtí kan kí wọ́n tó gún un. Dókítà ni kó sọ bóyá ó bá a mu. Ẹ má dá rà á.

Bí nọ́ọ̀sì bá gún un lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí iṣan, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó pe ẹlòmíì. Wọn ò ní lù yín.

Ó ku ti Màmá, ìyá ọkọ yín. Mo fura pé ẹnì kan nílé ń fi abẹ́rẹ́ halẹ̀ mọ́ ọmọ yìí: “Jẹun, àbí kí n pe nọ́ọ̀sì?” Bó bá jẹ́ Màmá ni, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bá wọn sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì fún wọn níṣẹ́: bí nọ́ọ̀sì bá ti ń wá iṣan, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí wọ́n máa pa àlọ́ ìjàpá fún un. Kí wọ́n yan èyí tó lórin, kí ọmọ lè máa gbè é.