Ìdí tí adùn èso ewé eéran fi pòórá nínú wàrà sóyà

Ẹ kú ìbéèrè o. Iná ló pa adùn náà, kì í ṣe pé èso yín kò dára. Ẹ ní ẹ po èso ewé eéran mọ́ wàrà sóyà kí ẹ tó gbé e kaná, ó sì wá tẹ́ lẹ́nu. Thaumatin tó ń dùn nínú èso yẹn kì í ṣe ṣúgà, purotéènì ni. Bó ṣe ká jọ ni ahọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ní dídùn. Tí ooru bá ti tú u, ó parí nìyẹn.

Ohun tí kò kan lẹ́nu, bíi wàrà yìí, nìkan ni iná ti ń pa adùn náà o. Nínú ògì tó kan dáadáa, thaumatin máa ń fara da iná. Fún wàrà yín, ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ se wàrà yín jinná, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
2. Ẹ wá po ohun yọ̀rọ̀ tó rọ̀ mọ́ kóró dúdú inú èso náà mọ́ ọn. Ibẹ̀ nìkan ni adùn wà. Thaumatin inú rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ìwọ̀n ṣúgà kan náà lọ, kì í sì í tètè dé ẹnu, torí náà ẹ má kánjú fi kún un.

Ní ti thaumatin tí wọ́n ń fi ìwúkàrà ṣe: jíìnì ewé eéran, ìyẹn àṣẹ inú rẹ̀ tó ń sọ bí a ṣe ń ṣe thaumatin, ni wọ́n fi sínú ìwúkàrà, tí ìyẹn fi ń ṣe thaumatin nínú táǹkì. Purotéènì kan náà ni, iná lè ba tiẹ̀ náà jẹ́. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, torí kò ní jẹ́ ká máa já èso inú igbó tán. Àmọ́ ó yẹ kí àwọn tó ń já ewé yìí nílé náà rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.