Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ yín

Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé ọ̀gá yín fẹ́ kí ẹ máa sọ CTD, ẹ̀rọ tó ń wọn omi, nìkan sínú òkun lóṣooṣù, kí ẹ sì pa ìgò tí ẹ fi ń bu omi tì, torí pé omi bíbu ń dá ọkọ̀ dúró pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ó ti ṣe wá rí.

Ẹ̀rọ tiwa náà ń sọ iyọ̀ inú omi, bó ṣe tutù tó àti ọ́síjìn rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kíá. La bá fi ìgò sílẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, ọ́síjìn ìsàlẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A ní omi ibú ló ń rú wá sí etíkun, nítorí ọ́síjìn irú omi bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n omi ibú máa ń tutù, èyí tí à ń rí kò sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yẹ kíyẹn ta wá lólobó, àmọ́ a ti gba ẹ̀rọ gbọ́. Lóṣù karùn-ún ni mo tó bu omi sígò, mo wọ̀n ọ́n, ọ́síjìn pé síbẹ̀. Nǹkan yíyọ̀ kan ló ti bo ojú ibi tí ẹ̀rọ fi ń wọn ọ́síjìn. A ò mọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè pa dà lọ bu omi oṣù tó ti kọjá. Gbogbo àkọsílẹ̀ ọ́síjìn oṣù márùn-ún la dà nù. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí àyè ò bá gba púpọ̀, ẹ bu ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ nìkan. Gbàrà tí Niskin, ìgò ńlá tó ń bu omi wá láti inú òkun, bá ti gòkè, omi tí ẹ ó fi wọn ọ́síjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ bu, kí ẹ tó bu ohunkóhun mìíràn. Ẹ ti rọ́bà tí omi ń gbà jáde lára Niskin kan ìdí ìgò kékeré, kí omi rọra kún un, kó ṣàn dà nù tó ìwọ̀n ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Afẹ́fẹ́ tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó bá há sábẹ́ ìdérí, ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ fi oògùn méjèèjì tó ń di ọ́síjìn mú sí i lábẹ́ omi inú ìgò náà, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ìpẹtà ló máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí ọ́síjìn bá wà. Bí kò bá sí, funfun ni. Láti 1888 ni Winkler, onímọ̀ kẹ́míkà kan, ti gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀, òun náà la ṣì fi ń yẹ ẹ̀rọ òní wò.

Ojú ibi kan náà ni kí ẹ ti máa bu ú nígbà gbogbo. Bí ìjì bá dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò lọ. Àwọn CalCOFI, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí òkun ní California, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1949 nítorí ẹja sardine tó dàwátì, ṣì ń bu omi sígò títí di òní pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ní.

Tí ẹ bá tún jáde, ẹ kọ iye ọ́síjìn tí ẹ̀rọ sọ àti èyí tí ẹ rí nínú ìgò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ gbé e síwájú ọ̀gá yín.