Ṣé gbogbo ìwé tó ní àwòrán ló ń jẹ́ artist book, kí ló sì dé tí ẹ̀dà ẹ̀ fi máa ń kéré?

Rárá o. Ìwé tó kàn kó fọ́tò iṣẹ́ ayàwòrán jọ, kátálọ́ọ̀gì nìyẹn. Ti artist book yàtọ̀ torí ìwé yẹn fúnra ẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà náà, bébà ẹ̀, bí wọ́n ṣe dì í, bí ojú ìwé ṣe tẹ̀ léra, títí kan àyè òfìfo inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Èyí táwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí jù ni Twentysix Gasoline Stations tí Ed Ruscha ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1963, fọ́tò ilé epo 26 ló wà nínú ẹ̀, kò sí àlàyé gidi kankan, ẹ̀dà 400 ló kọ́kọ́ tẹ̀. Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní àwọn ò gba ìwé náà, ni Ruscha bá fi ìyẹn ṣe ìpolówó ọjà (mo gbádùn ìyẹn gan-an).

Ní ti pé ẹ̀dà ń kéré, kì í ṣe fáàrí nígbà gbogbo, owó ni. Torí owó yìí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń lo Risograph, ẹ̀rọ Japan kan tó jọ ẹ̀rọ fọ́tòkópì lójú, àmọ́ ńṣe ló ń lu ihò wẹ́wẹ́ sára bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní master, ìǹkì á wá gba ibẹ̀ kọjá, dúrọ́ọ̀mù (àgbá ìǹkì inú ẹ̀rọ náà) kan, àwọ̀ kan, torí náà bébà kan náà lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó parí, àwọ̀ ẹ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo bọ́ síra wọn régé, ohun táwọn dìsáínà sì ń wá gan-an nìyẹn.

Printed Matter, ilé ìtajà artist book kan ní New York, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ irú ìwé báyìí láti 1976.